Ohùn ta ni o gbọ́?

Gbólóhùn kan wà nínú kàyé kan, ìwé tí mo fi ń kọ nǹkan sílẹ̀, tó ti ń dà mí láàmú láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, bíìkì búlúù, ìyẹn báírò, ni mo fi kọ ọ́, kò sì sí àṣìṣe kankan nínú ẹ̀ téèyàn bá fojú tísà wò ó. Ohun tí mo kọ ni pé: "Gbogbo ìgbìmọ̀ fohùn ṣọ̀kan." Irọ́ ni. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mò ń kọ ọ́, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí, torí ọwọ́ mi kàn kọ ọ́ lọ ni, bí ìgbà téèyàn ń kí aládùúgbò ẹ̀ pé ẹ káàárọ̀ tó ń bá ìrìn ẹ̀ lọ.

Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n ọmọ Kétu ni mí, abúlé bàbá mi ò sì ju bíi wákàtí kan lọ lórí zẹ́mì, ọ̀kadà wa, téèyàn bá kúrò nínú ìlú Kétu, tí òjò ò bá tíì ba ọ̀nà jẹ́. Torí pé mo lè kọ Yorùbá àti Faransé, èmi ni Baálẹ̀ wa máa ń ránṣẹ́ sí bí ọ̀rọ̀ tó máa dé mẹ̀rí, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, bá wà nílẹ̀. Màá kọ ohun tí wọ́n bá sọ sínú kàyé ní Yorùbá, tí mo bá padà sí Àjàṣẹ́ màá sọ ọ́ di PV, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ní Faransé lórí kọ̀ǹpútà, Baálẹ̀ á tẹ òǹtẹ̀ sí i, ó parí. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ni mo kọ.

## Ọjọ́ tí Ìyá ní kí n kà á

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Benin mọ bí nǹkan ṣe rí látìgbà tí òfin ilẹ̀ ti 2013 ti dé, ẹni tí ilẹ̀ ẹ̀ ò níwèé kì í sùn dáadáa mọ́, kálukú ń sá lọ sí mẹ̀rí kó lè gba ìwé ẹ̀rí pé ìdílé òun ló ni ín láti ìbílẹ̀. Ẹnì kan láti ìlú ńlá wá fẹ́ ra igbó tó wà lẹ́yìn abúlé wa, igbó tí àwọn obìnrin ti ń já ewé tí wọ́n ti ń ṣẹ́gi, tí sàréè àwọn àgbà méjì kan wà nídìí ìrókò inú ẹ̀. Ó ń fẹ́ ìwé tó máa fi hàn pé Baálẹ̀ àti ìgbìmọ̀ ẹ̀ fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ pè mí.

A jókòó sábẹ́ àtíbàbà níwájú ilé Baálẹ̀. Ìgbìmọ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án, ọkùnrin méje, obìnrin méjì. Wọ́n ta sódábì, ògógóró wa, sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ, Baálẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó sọ ti òrùlé ilé ẹ̀kọ́ tí ìjì ṣí, ó sọ ti kànga tó bàjẹ́, ó sọ iye tí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ máa fi sílẹ̀ fún abúlé, mi ò sì rò pé ó ń parọ́, mo gbà pé tọkàntọkàn ló fi ń wá owó fún ìlú. Nígbà tó parí ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ ti gbọ́." Ẹnì kan wúkọ́. Ẹnì kan ń yí fìlà ẹ̀ lórí orúnkún. Balógun tó jókòó sún mọ́ Baálẹ̀ jù lọ ní, "Baálẹ̀, a ti gbọ́." Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa. Mo tẹrí ba sórí kàyé, mo kọ gbólóhùn mi.

Ibẹ̀ ni Ìyálóde ti nawọ́. Ìyá yìí máa lé lọ́gọ́rin ọdún, ó máa ń so gèlè ẹ̀ mọ́ iwájú orí bí ẹni tó fẹ́ lọ sóko, ohùn ẹ̀ ò sì ròkè. Ó ní, "Ọmọ mi, kà á fún wa." Mo rò pé ó fẹ́ gbọ́ bó ṣe dùn tó ni. Mo kà á láti òkè, ọjọ́, orúkọ àwọn tó wà níjòkòó, ọ̀rọ̀ Baálẹ̀, mo wá dé ìparí: gbogbo ìgbìmọ̀ fohùn ṣọ̀kan.

"Ohùn ta ni o gbọ́?"

Mo ní, "Ìyá, ohùn gbogbo yín ni."

"Ó dáa. Èmi ńkọ́? Kí ni mo sọ?"

Mo wo kàyé mi bíi pé màá bá a níbẹ̀. Ìyá yíjú sí Balógun, ó bi í pé ṣé kì í ṣe "a ti gbọ́" ló jáde lẹ́nu ẹ̀, Balógun ní òun náà ni. Ìyá wá na ọ̀pá ẹ̀ sí adìyẹ kan tó ń ṣa nǹkan jẹ lábẹ́ àga, ó ní, "Eléyìí náà ti gbọ́. Kọ orúkọ ẹ̀ sí i." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Látìgbà tí mo ti lẹ́nu ni mo ti ń sọ Yorùbá, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ bí "a gbọ́" àti "a gbà" ṣe jìnnà síra tó. Àwọn àgbà yẹn mọ̀ ọ́n. Balógun mọ ohun tó ń ṣe, ńṣe ló wá ọ̀rọ̀ tí ò ní bí Baálẹ̀ nínú tí ò sì ní de òun lọ́wọ́, èmi akọ̀wé ni mo wá fi bíìkì dè é. Tí mo bá sì ti gbé e dé Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà ní Faransé fún "gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan" tó dùn-ún tẹ̀, àwọn tó ń gba ìwé ní mẹ̀rí fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, tó bá ti wà níbẹ̀ wọn kì í bi èèyàn ní nǹkan kan mọ́.

Baálẹ̀ ò bínú, tó bá sì bínú kò jẹ́ kó hàn. Ó ní ká pàdé lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.

## Kábíyèsí, síbẹ̀ ẹni tó lè bi í wà

Ohun tí mò ń rò lórí zẹ́mì bí mo ṣe ń padà ni pé, kí gan-an ni mo rò pé ìgbìmọ̀ ọba wà fún? Mo wá rí i pé lọ́kàn mi lọ́hùn-ún bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ni mo ṣe mú wọn, wọ́n wà níbẹ̀ kí ọba lè wuyì. Mi ò mọ ibi tí mo ti kọ́ irú èrò bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe inú ìtàn wa ni mo ti rí i.

Ẹ wo Ọ̀yọ́. Gbogbo wa la mọ Ọ̀yọ́ Mèsì, mi ò ní máa ka oyè wọn. Ibi tí oyè yẹn ti ń wá ni mo fẹ́ ká wò. Baṣọ̀run, Àgbàakin, Ṣàmù àtàwọn mẹ́rin yòókù, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ni tiẹ̀, ìdílé ló ń mú ọmọ ẹ̀ wá, Aláàfin á wá fi í jẹ. Torí náà ẹni tó jókòó síwájú ọba tó sọ pé rárá, ilé kan wà lẹ́yìn ẹ̀, àwọn èèyàn kan wà tí wọ́n máa bi í nígbà tó bá délé pé kí lo sọ lọ́hùn-ún. A ń kí ọba ní Kábíyèsí, síbẹ̀ àwọn méje yìí lè fi igbá ránṣẹ́ sí i, ọba tó bá sì ṣí igbá yẹn mọ̀ pé ayé òun ti parí. Kì í sì ṣe ohun tí wọ́n lè máa fi ṣeré, torí ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé ẹnì kan nínú wọn gbọ́dọ̀ bá ọba tí wọ́n bá kọ̀ yẹn lọ. Ẹ rò ó wò ná. Ìmọ̀ràn tí ẹ̀mí èèyàn wà lórí ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ tàbí tó máa dákẹ́ sí i láìronú.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń sọ ìgbìmọ̀ di áńgẹ́lì o. Baṣọ̀run Gáà wà. Láti 1754 títí di 1774 òun ló gba Ọ̀yọ́ mọ́ ọba lọ́wọ́, ó ń fi wọ́n jẹ, ó ń yọ wọ́n, títí Aláàfin Abíọ́dún fi rí ọ̀nà ẹ̀. Àtìgbà yẹn la ti ń sọ pé bí o láyà kó o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kó o sòótọ́. Àwọn mẹ́fà yòókù ni mo máa ń rò tí mo bá ti gbọ́ òwe yẹn. Wọ́n wà láàfin ní gbogbo ogún ọdún yẹn, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń wọ agbádá, kò sì sẹ́ni tó rántí ohùn ìkankan nínú wọn lónìí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

## Àwọn tó ń dúró lórí ẹsẹ̀

Lọ́jọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 2022, mo wà níwájú tẹlifísàn ní Àjàṣẹ́, mò ń wò bí wọ́n ṣe ń kéde Charles gẹ́gẹ́ bí ọba ní ààfin St James's ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa jẹ́ kí aráyé wò ó lórí tẹlifísàn. Privy Council, ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn ọba wọn, ló ń ṣe é. Nígbà yẹn aṣọ ló gbà mí lójú. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ Ìyálóde ni mo tó padà lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí mo sì lọ ka bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn ju 700 lọ, ẹni tí wọ́n bá sì ti mú wọ̀ ọ́, ó di títí ayé. Ṣùgbọ́n ìpàdé tí wọ́n ń ṣe bíi lẹ́ẹ̀kan lóṣù, èèyàn mẹ́ta ti tó, mínísítà tó ń ṣèjọba lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń pè. Wọn kì í jókòó. Wọ́n á dúró lórí ẹsẹ̀, olórí ìgbìmọ̀ á máa ka àkọlé àwọn àṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọba á máa sọ pé òun fọwọ́ sí i, kò ní pẹ́ kí wọ́n tó túká. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀dọ̀ wọn, ọba ló ń sọ "mo gbà", kò sì lè sọ nǹkan míì, torí ìjọba tí aráàlú dìbò yàn ti pinnu kí wọ́n tó wọ yàrá yẹn. Ní abúlé wa, Baálẹ̀ ló ti pinnu kí ìgbìmọ̀ tó jókòó. Ibi méjèèjì, ọ̀rọ̀ ti tán kí wọ́n tó pàdé.

Mi ò lè sọ pé ká lọ kó tiwọn wá. Síbẹ̀ nǹkan kan wà nínú ìbúra wọn tó wọ̀ mí lára. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ìgbìmọ̀ yẹn máa búra pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ níbẹ̀, òun á sọ èrò òun lóòótọ́, bó ṣe wà lọ́kàn òun àti bí ẹ̀rí ọkàn òun ṣe sọ. Ìmọ̀ràn di ẹrù tí wọ́n gbé lé e lórí, kì í ṣe oyè lásán.

## Lẹ́tà tí èèyàn 66 fọwọ́ sí

Ẹ̀ka kan wà lára Privy Council yẹn tó ń dájọ́, ẹjọ́ àwọn èèyàn wa sì ti débẹ̀ rí. Ní 1925 ìjọba amúnisìn yọ Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ lóyè ní Èkó, wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, ní 1931 wọ́n sì ní ìjọba ò lè gbá èèyàn mú kí wọ́n lé e kúrò nílùú bí òfin ò bá fún wọn lágbára ẹ̀, pé kóòtù lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dún yẹn náà ló padà sí Èkó. Ìgbìmọ̀ ọba ló sọ fún ìránṣẹ́ ọba pé kò tọ́.

Èyí tó kan ọ̀rọ̀ kàyé mi gan-an ni ti Akíntọ́lá àti Adégbẹ́nró. Ní 1962, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí ni Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, aṣòfin 66 sì fọwọ́ sí lẹ́tà pé àwọn ò fẹ́ Akíntọ́lá gẹ́gẹ́ bíi Píríḿíà mọ́. Gómìnà gba lẹ́tà yẹn gbọ́, ó yọ Akíntọ́lá, ó fi Adégbẹ́nró sípò. Kóòtù àgbà ní Nàìjíríà ní kò tọ́, inú ilé aṣòfin nìkan ló ti yẹ kí wọ́n dìbò kí Gómìnà tó lè mọ̀. Privy Council ní 27 oṣù karùn-ún 1963 ní rárá, Gómìnà lè gba lẹ́tà náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ìdájọ́ yẹn ò ṣe nǹkan kan lórí ilẹ̀, torí kíá ni wọ́n yí òfin Ìwọ̀-Oòrùn padà kó má bàa ṣiṣẹ́, nígbà tó sì di ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí ò sí lábẹ́ ọbabìnrin mọ́, ẹjọ́ kankan ò tún lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí lọ ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀. Ká yọ òṣèlú inú ẹ̀ kúrò, ìbéèrè Ìyálóde ni gbogbo àwọn adájọ́ yẹn ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́: báwo ni ẹni tó wà lórí àga ṣe lè mọ ohun tí àwọn tó yí i ká ń rò? Èmi fẹ́ràn ti kóòtù Nàìjíríà, kí wọ́n dìde nílé aṣòfin kí wọ́n sọ ọ́ létí ara wọn, torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sétígbọ̀ọ́ ẹlòmíì ṣòro láti sẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà ṣì ní orúkọ 66 nísàlẹ̀, téèyàn bá fẹ́ ó lè lọ kan ilẹ̀kùn ìkọ̀ọ̀kan wọn kó bi í. Gbólóhùn tèmi ò lórúkọ ẹnì kankan nídìí.

## Bí ọ̀rọ̀ bá ń gba ọ̀fun kan ṣoṣo

Ohun tó sọ ìgbìmọ̀ di ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn lójú irú wa ò jìnnà. Nígbà tí Ọba Toffa kú ní Àjàṣẹ́ ní 1908, àwọn Faransé ò jẹ́ kí ẹni tó rọ́pò ẹ̀ jẹ́ ọba bíi tiẹ̀ mọ́, wọ́n sọ ọ́ di olóyè lábẹ́ wọn. Ẹni tí kọ̀máńdà, aláṣẹ Faransé, ń bi léèrè owó orí, kọ̀máńdà ló máa máa wojú ẹ̀. Ní Kétu lọ́dọ̀ wa, ilé ọba márùn-ún ló ń jẹ Alákétu tẹ̀léra, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè pín in láìjẹ́ pé àwọn àgbà ìlú jókòó tì í. Dahomey pa ìlú wa run ní 1886, nígbà táwọn èèyàn padà lábẹ́ Faransé, Onyegen ló jọba, àwọn Faransé wá ń gba ọ̀dọ̀ Alaba Ida ìyàwó ẹ̀ bá ìlú sọ̀rọ̀. Títí dòní àwọn kan máa ń sọ ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn bíi pé jíjẹ́ tó jẹ́ obìnrin ló ba nǹkan jẹ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá, pàápàá lẹ́yìn ohun tí mo fojú ara mi rí lábẹ́ àtíbàbà yẹn. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá sọ pé òun nìkan ni kí ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú máa gba ọ̀fun ẹ̀ kọjá, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ó máa fún un lọ́fun, ó sì máa fún ìlú náà.

Ní 2019 òfin ìpìlẹ̀ Benin dárúkọ oyè ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú àṣà, ní 2025 àwọn aṣòfin tún ṣe òfin tó dá dúró fún un. Inú mi dùn sí i, ó ti pẹ́ tí a ti ń retí ẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí ò ju pé ọ́fíìsì máa ń fẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó máa pè lórí fóònù, òǹtẹ̀ kan ṣoṣo, gbólóhùn kan ṣoṣo. Irú wa la sì máa ń kọ gbólóhùn yẹn fún wọn.

## Ọjọ́ ọjà kejì

A padà jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí mo pín ojú ìwé sí mẹ́sàn-án, mo kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tiẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, ohun tí kálukú bá sọ ni màá kọ. Baálẹ̀ wò mí díẹ̀, ó ní kí n máa bá a lọ. Ó gbà wá ju wákàtí mẹ́rin lọ. Balógun ní òun fẹ́ kí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ di títún ṣe ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ kí sàréè bàbá òun bọ́ sínú ọgbà ẹlòmíì, ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ rí ní gbogbo ọdún mẹ́rin yẹn nìyẹn, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé bàbá ẹ̀ ni wọ́n sin síbẹ̀. Ẹni márùn-ún ní kí wọ́n ta apá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kí wọ́n fi ìdí ìrókò sílẹ̀. Ẹni mẹ́ta ní kí wọ́n má ta nǹkan kan. Ẹnì kan ní òun máa lọ bi ilé òun ná, mo kọ ìyẹn náà.

PV náà ti di ojú ìwé mẹ́ta. Ẹni tó ń bá olùrà ṣe é ti tẹ̀ mí láago lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ìwé ti pọ̀ jù, pé gbólóhùn kan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Baálẹ̀ ò tíì tẹ òǹtẹ̀. Ó ní òun ṣì ń kà á, mo sì mọ̀ pé ọmọ ẹ̀ ló ń kà á fún un, ní Yorùbá, láti inú kàyé.

Kí n tó kúrò lọ́jọ́ yẹn Ìyálóde pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó ní kí n fi ibi tí òun wà han òun. Mo ṣí kàyé, mo di ìka ẹ̀ mú, mo gbé e lé ìlà kẹjọ, mo ka ohun tó sọ fún un: "Mo gbọ́. Mi ò gbà, torí igbó yẹn ni àwọn ọmọ mi obìnrin ń jẹ." Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní kí n fún òun ní bíìkì, ó fi kun àtàǹpàkò ẹ̀ títí tó fi dúdú, ó wá tẹ̀ ẹ́ síwájú orúkọ ẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu kó lè gbẹ kí n tó pa kàyé dé.